Re: "Gbólóhùn kékeré" fún clause? Mi ò fara mọ́ ọn o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe clause inú gírámà Òyìnbó ní "gbólóhùn kékeré", ká wá pe phrase ní "èyí tó kéré jù", ẹ má bínú sí mi sà, àbá yẹn ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Kí ló kan gígùn àti kúkúrú ńbẹ̀? "She left" ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, clause ni, torí ó sọ ẹni tó ṣe nǹkan, ó sì sọ ohun tó ṣe. "The old man in the blue agbada by the gate" gùn rẹpẹtẹ, ẹ kà á tán ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan tí bàbá ọ̀hún ṣe, phrase lásán ni.

Awẹ́ gbólóhùn (clause) àti àpólà (phrase) tó ti wà nínú ìwé gírámà Yorùbá tipẹ́, kí ló ṣe wọ́n? Awẹ́ obì, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ sọ́tọ̀, odindi ṣì ni láàyè ara ẹ̀. Clause náà ní olùwà tiẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe tiẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni èyí tí àwọn tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC, pé tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti wà ńbẹ̀ clause ni, tí ò bá sí, phrase ni. Ó ṣiṣẹ́ fún "before sunrise" àti "before the sun rises", àmọ́ "hearing the news" ńkọ́? Hear kúkú wà ńbẹ̀, síbẹ̀ ìwé iléèwé á ní phrase ni, torí kò sólùwà, hearing yẹn ò sì sọ bóyá àná ni àbí òní, bẹ́ẹ̀ Quirk, onímọ̀ gírámà Òyìnbó, àti àwọn mẹ́ta tó bá a kọ ìwé gírámà ńlá ọdún 1985 pe irú ẹ̀ ní clause, wọ́n kàn ní kì í ṣe finite ni, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú ẹ̀ ò fi àsìkò hàn. Ọmọ tó dáhùn phrase, tó gba máàkì, á dé yunifásítì kí wọ́n tó tún un kọ́.

Finite yìí ló yẹ ká máa wá ọ̀rọ̀ fún jàre! Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà tìtorí àsìkò, ó lọ lánàá, ó ń lọ báyìí, lọ ṣì ni lọ. Èmi ń lo "ọ̀rọ̀-ìṣe afàsìkòhàn": "goes" àti "went" wà ńbẹ̀, "going" àti "to go" ò sí ńbẹ̀. Ibi tó ti ń dà mí láàmú ni "were" inú "if I were you", finite ni wọ́n kà á sí, ọ̀rọ̀ àná kọ́ ló sì ń sọ. Ta ló ní èyí tó máa gba ìyẹn náà mọ́ra?