Ìki kọ́: lórí ìwé ìdánrawò físíìsì àwọn ọmọ SS3

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Inú ń bí mi díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Fún àwọn tí kò tíì ka àwọn lẹ́tà tó ṣáájú: ẹ̀gbọ́n wa kan fi ìwé ìdánrawò ránṣẹ́ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì tí wọ́n fi Yorùbá kọ fún àwọn ọmọ tó ń múra WAEC àti JAMB. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí dẹ́ńsítì, ìyẹn bí ohun tó wà nínú àyè kan ṣe wúwo tó, "ìki" ni wọ́n pè é. Mo ní ìki kọ́. Wọ́n fèsì pé oyin ki ju omi lọ, oyin sì ń rì sísàlẹ̀ omi, kí ni mo tún ń wá? Àwọn kan gbè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé oyin tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká mú epo pupa. Ṣé epo pupa ki àbí kò ki? Ó ki. Kò sí ọlọ́bẹ̀ tí kò mọ̀ pé epo ki ju omi lọ. Ẹ wá da àwọn méjèèjì sínú ìgò kan, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀, kẹ́ ẹ wo èyí tó máa bọ́ sókè. Epo ni. Dẹ́ńsítì omi jẹ́ 1000 kg/m³, ti epo pupa ò ju nǹkan bíi 900 lọ. Mákúrì ńkọ́? Mákúrì ń ṣàn gẹ̀ẹ́rẹ̀gẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹnu ẹni tó gbọ́ Yorùbá ò sì lè sọ pé ó ki. Síbẹ̀, dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 13.6 ti omi. Oyin kàn ṣe kòńgẹ́ ni: ó ki, ó sì tún wúwo. Ẹ̀gbọ́n mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tó máa gbè wọ́n nídìí, wọ́n sì jókòó tì í.

Ohun tí Yorùbá ń pè ní "ki" ni ohun tí kì í tètè dà: ẹ̀kọ́ tó ki, ọbẹ̀ tó ki, ògì tí wọn ò bu omi sí tó. Fìsìkọ́sítì nìyẹn, ó sì wà nínú sílábọ́ọ̀sì físíìsì WAEC fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ju ọta kékeré sínú gilisẹríìnì láti wo bó ṣe ń rọra rìn lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí ìwé yín bá débẹ̀, kí lẹ máa wá pè é? Ẹ ti fi owó orí Àṣàkẹ́ gbé Àbẹ̀kẹ́ wọlé.

Kì í ṣe pé mo jókòó sílé ro èyí. Mo mú ìbéèrè inú ìwé yẹn gan-an, mo fún ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́. "Nínú omi, epo pupa àti kẹrosíìnì, èwo ni ìki rẹ̀ pọ̀ jù?" Kò tilẹ̀ sinmi, ó fi bírò yí B ká, epo pupa. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ṣebí epo ló ki jù níbẹ̀, sà." Bẹ́ẹ̀ omi ni ìdáhùn. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ní kó mú èyí tó máa léfòó lójú omi. Ó tún mú epo pupa, ó sì gba ìyẹn. Ọmọ náà ò gọ̀ o! Yorùbá rẹ̀ ló já gaara. Ẹni tí ìwé yẹn ò ní ṣì lọ́nà ni ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa, torí òun á kàn há "ìki" sórí bó ṣe ń há "density" sórí, kò ní rántí ẹ̀kọ́, kò ní rántí ọbẹ̀. Ìwé tí a kọ nítorí èdè wa ló wá ń fìyà jẹ ẹni tó gbọ́ ọ jù. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ọ̀mọ̀wé kan dìde láti gbèjà ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní "ki" ti ẹ̀kọ́ kọ́ ni èyí, pé "ki" tó wà nínú "ki tábà sí ìkòkò", "ki ọwọ́ bọ àpò" ni: kí nǹkan púpọ̀ kó sínú àyè kékeré. Mo gbà pé èrò gidi ni. Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ láti ọjọ́ yìí, ìyẹn ló sún mọ́ ọ jù. Àmọ́, Ọ̀mọ̀wé, ẹ wo ohun tí "ì-" ń ṣe. Bí a bá gbé e síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní àbọ̀, ṣíṣe ni a máa ń rí: ìkọ́lé, ìgbéyàwó, ìtọ́jú. Bí a bá gbé e síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe aṣàpèjúwe, bí nǹkan ṣe rí ni a ń rí: ìtóbi, ìwúwo, ìnípọn. Ẹni tó bá gbọ́ "ìki irin", tó rí nọ́ńbà níwájú rẹ̀, bí nǹkan ṣe rí ni etí rẹ̀ máa gbé lọ, yóò sì balẹ̀ sínú ìkòkò ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ ti tábà lẹ ní lọ́kàn, "ìkitábà" ló yẹ kẹ́ ẹ máa sọ, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀n.

Bàbá wa láti Ìjẹ̀bú ní gbogbo wa ń ṣèrànù, pé "ìkì" ló yẹ kó jẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, bí wọ́n ṣe ń kì nǹkan mọ́lẹ̀ kó fún pọ̀. Bàbá, ẹ forí jì mí. Èmi ò lè bá yín jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń ṣe ìkì, ó ń ki ènìyàn ní oríkì ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í fi àmì ohùn sí nǹkan kan lórí WhatsApp. Kí, kì, ki, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ bákan náà. Ọ̀rọ̀ tí àmì kan ṣoṣo dá dúró kò yẹ fún ìbéèrè tí wọ́n ń kà ní kánmọ́kánmọ́.

Ẹnì kan tún béèrè pé kí ni ìwé ẹ̀rí mi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Mi ò ní. Físíìsì ni mò ń kọ́ ọmọ, mo sì ti ń kọ́ ọ kí JAMB tó gbé ìdánwò lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ṣé ìyẹn tó?

Nígbà tí mo ṣì mú ìwé náà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kẹ́mísírì. "Ìkan" tí ẹ̀gbọ́n pe ásíìdì, mi ò ní ìjà bá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikán àti ikàn ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń kan, ògì máa ń kan, ásíìdì ló wà nínú méjèèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n "òdì-ìkan" fún álíkálì? Háà! Ìyá ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú. Èèpo kòkó gbígbẹ ni wọ́n ń sun, wọ́n á da eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, wọ́n á máa bu omi lé e lórí, omi tó bá ń kán sísàlẹ̀ á pọ́n bíi tíì. Wọ́n á fi orí ìka kàn án, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á sì mọ̀ bóyá ó ti tó láti da àdí sí. Àwọn aláró náà mọ omi yẹn. Omi eérú ni gbogbo wọn ń pè é, òun náà ló sì ń sọ lítímọ́ọ̀sì pupa, bébà tí a fi ń dá álíkálì mọ̀, di búlúù. Ta ni nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn tó máa gbọ́ "òdì-ìkan" tó mọ̀ pé nǹkan òun ni wọ́n ń sọ?

Ẹ̀gbọ́n ti fèsì sí èyí kí n tó parí rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe gbogbo álíkálì ló ti inú eérú wá. Òótọ́ ni. Àmọ́ "alkali" tí àwọn òyìnbó ń lò, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti yá a, eérú ewéko ni ó sì ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn yẹn. Eérú kò tì wọ́n lójú. Kí ló dé tó fi ń ti àwa lójú?

Arábìnrin wa tó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì l'Ábẹ́òkúta mú ẹjọ́ mìíràn wá tí ẹnikẹ́ni ò dá sí, ó sì dùn mí. Ó ní ìwé náà lo "yọ́" fún iyọ̀ nínú omi, ó tún lò ó fún òrí lójú iná. Nǹkan méjì ni lójú olùdánwò. Kí iyọ̀ tó yọ́ fúnra rẹ̀, iná gbọ́dọ̀ gbé e dé 801°C. Nínú ife omi tútù, ẹ kàn ro ó pọ̀ ni. Ó ní kí "yọ́" jẹ́ ti iná, kí "yòrò" jẹ́ ti omi, pé bí àwọn àgbà ilé wọn ṣe ń pín in nìyẹn. Mo fọwọ́ sí i. Ẹni tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ní lọ́dọ̀ àwọn, ọ̀rá tó ń yọ́ lójú iná náà ń yòrò. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bá a lọ, mo ń gbọ́.

Mo fẹ́ dá ọ̀gbẹ́ni tó ní kí la tún ń fi gbogbo èyí ṣe lóhùn. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC àti JAMB fi ń béèrè físíìsì, pé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2022, àwọn náà ló fagi lé e lọ́dún 2025. Mo mọ̀. Nítorí náà gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a bá fún ọmọ fi gbọ́dọ̀ mú un dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì máa bá a. Ó máa fi Yorùbá lóye, ó máa fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Bí Yorùbá bá gbé e lọ sọ́dọ̀ fìsìkọ́sítì, tí ìbéèrè sì ń dúró dè é lọ́dọ̀ dẹ́ńsítì, ta la ṣe lóore? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ènìyàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́ lọ́dún 1970, ọdún mẹ́fà gbáko, tó fi mọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, iwájú ọmọ ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ ló ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ dúró. Àwa níbí, a ò tíì fi ìki lọ ọmọ kankan kí ẹ̀gbọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ máa bi mí pé kí lèmi fẹ́ pè é. Ní báyìí, dẹ́ńsítì. Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ àyálò tí kò sọ nǹkan kan fún ọmọ sàn ju ọ̀rọ̀ Yorùbá tó purọ́ fún un. Arákùnrin wa láti Kétu, lápá Benin, tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe BAC, ìdánwò ìparí girama tiwọn, ti dá mi dúró lórí èyí, ó sì ní ẹjọ́: ní Faransé, "masse volumique" ni wọ́n ń pe ohun tí àwa ń pè ní dẹ́ńsítì, "densité" tiwọn sì ni ìlọ́po tí nǹkan fi ju omi lọ, èyí tí kò ní kg, tí kò ní m³. Bí ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ lápá Nàìjíríà níbí bá jọ ka "dẹ́ńsítì alumíníọ̀mù" nínú ìwé kan náà, ọ̀kan á kọ 2700, èkejì á kọ 2.7, àwọn méjèèjì á sì gbà á lọ́dọ̀ olùkọ́ wọn. Mi ò tíì rí èsì fún un.

Ohun tí mò ń ṣe ní kíláàsì ni pé mò ń sọ ọ́ lódindi. Ohun tí òṣùwọ̀n fi hàn, mò ń pè é ní ìtẹ̀wọ̀n ("mass"), mo sì fi ìwúwo sílẹ̀ fún bí ilẹ̀ ṣe ń fà á, èyí tí à ń fi Newton kà, kí ọmọ lè mọ̀ pé tó bá dé orí òṣùpá, ìwúwo rẹ̀ máa já sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà, ìtẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò ní yẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa wá ní: "ìtẹ̀wọ̀n inú àyè kan". Ó gùn, mo mọ̀. Ìyá oníkóńgò lọ́jà gbọ́ ọ kí n tó sọ ọ́ tán: kóńgò kan náà, ìrẹsì wúwo ju gààrí lọ.

Bí mo ṣe tún ìbéèrè kẹrin ẹ̀gbọ́n kọ nìyí: "Wọ́n ju irin kan tí ìtẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ́ 54 g sínú sílíńdà, omi inú rẹ̀ gòkè láti 30 cm³ dé 50 cm³. Èló ni dẹ́ńsítì irin náà? Ṣé ó lè léfòó lójú mákúrì?" 2.7 g/cm³ ni, alumíníọ̀mù ni, ó sì máa léfòó. Ẹni tó bá ní àtúnṣe sí i kó tètè kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, torí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá ti tutù.