Gìtá olókùn náílọ̀n fún ọwọ́ kékeré: ṣé three-quarter ni kí n rà?

Akọ́tagìtá (Lágere, Ilé-Ifẹ̀)
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tí ẹ mọ gìtá dunjú. Mo fẹ́ ra classical, olókùn náílọ̀n. Bí mo bá na ọwọ́ òsì tán, láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka ọmọńdinrín kò ju 178 mìlímítà lọ. Èyí tí mo ń yá lò, gígùn okùn rẹ̀ láti egungun òkè (ọ̀pá kékeré tí okùn gbà kọjá ní orí ọrùn) dé egungun ìsàlẹ̀ (èyí tó gbé okùn lórí ara gìtá) jẹ́ mìlímítà 650, ọrùn rẹ̀ sì fẹ̀ tó 52 níbi egungun òkè. Lórí okùn kẹfà (èyí tó nípọn jù), tí ìka ìfábẹ̀lá bá wà ní fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) kìíní, ọmọńdinrín kì í dé ìkẹrin. Kọ́ọ̀dù F tí ìka kan ń dùbúlẹ̀ lé gbogbo okùn náà ń dun ọwọ́. Òǹtajà kan ní gìtá kékeré tí wọ́n ń pè ní three-quarter (ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin) lọ́wọ́, ó ní òun gan-an ló yẹ mí. Ṣé kí n rà á, àbí kí n kúkú ra olókùn irin tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín?

OníOkùnMẹ́fà
Ẹ má tíì sanwó. Orúkọ ọjà lásán ni three-quarter. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 650 jẹ́ 487.5, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní three-quarter. 580 ni ọ̀pọ̀ wọn. Cadete tí ilé iṣẹ́ gìtá Cordoba ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní three-quarter náà, jẹ́ 615. Nọ́ńbà ni kí ẹ béèrè. Kí òǹtajà fi téèpù wọn ọ́n láti etí egungun òkè dé àárín fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kó má wọn ara gìtá, ara kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, gìtá mẹ́ta ni. Ẹ fi kápò (ohun ìdè tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́ ọrùn) sí fírẹ́ẹ̀tì kìíní, gígùn okùn tó kù jẹ́ 613.5. Ẹ gbé e lọ sí ìkejì, ó di 579. Ẹ ta ohun tó ń yọ yín lẹ́nu lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ máa ka fírẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀lé kápò sí ìkíní. Tó bá ti rọ̀ níbi kápò kìíní, kí lẹ fẹ́ fi 580 ṣe?

Láti egungun òkè dé fírẹ́ẹ̀tì kẹrin jẹ́ 134 lórí 650, 130 lórí 630, 120 lórí 580. Mìlímítà mẹ́rin dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí, ṣùgbọ́n ọmọńdinrín mọ̀ ọ́n. (Antonio de Torres, agbẹ́gìtá ará Spéìnì, ló sọ 650 di àṣà ní ọ̀rúndún 19. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ gìtá Ramírez ní Madrid ń ṣe 664, nítorí náà bí ẹ bá rí àlòkù ilẹ̀ Spéìnì, ẹ wọn ọ́n kí inú yín tó dùn.)

Agbẹ́gi_Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)
Òótọ́ ni ti kápò, àmọ́ ó máa ń tanni díẹ̀. Bó ṣe ń gé okùn kúrú náà ló ń rẹ okùn sílẹ̀ níbi fírẹ́ẹ̀tì kìíní. Tí F bá rọ̀ lẹ́yìn kápò, ó lè jẹ́ pé egungun òkè ló ga jù. Ẹ yọ kápò, ẹ tẹ okùn ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, kí ẹ wo àlàfo tó wà lókè fírẹ́ẹ̀tì kìíní. Bébà kan ni kó gbà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gba jù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ìrora F ti ń wá. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ o: tí ihò okùn bá jìn jù, okùn tí a kò tẹ̀ á máa dún gbọ̀n-ìn gbọ̀n-ìn, egungun tuntun lẹ máa rà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Láti orí fírẹ́ẹ̀tì dé abẹ́ okùn, mìlímítà mẹ́rin lábẹ́ ìkẹfà, mẹ́ta lábẹ́ ìkíní. Àwọn olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ju márùn-ún lọ. Kí ó tó lè wálẹ̀ ní mìlímítà kan níbẹ̀, ẹ ní láti yọ méjì lára egungun ìsàlẹ̀. Ẹ tú okùn, ẹ fa egungun náà yọ, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i, kí ẹ wá fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ha sáńpépà 120 tí ẹ tẹ́ sórí díńgí, kí ẹ fi 240 parí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni o, kì í ṣe orí. Bí ìsàlẹ̀ bá yọ ikùn, okùn kan á máa ké, èkejì á kú sínú. Ẹ jẹ́ kí mìlímítà méjì ó kéré tán ṣì yọ lókè igi.

Ẹ má sì ṣe é dé góńgó nígbà òjò. Lásìkò òjò igi ń mu omi, ojú gìtá ń wú, okùn ń ga. Nígbà ọyẹ́ ó ń gbẹ, ó ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá ha á tán pátápátá lóṣù kẹjọ, gbọ̀n-ìn gbọ̀n-ìn ni yóò máa gbọ́ lóṣù kìíní.

Tẹ́tí_Modákẹ́kẹ́
Ẹ tún ka ìbéèrè yẹn dáadáa. Orí okùn kẹfà ni wọ́n ní ìka kì í dé. Ṣé ó ń dé lórí okùn kìíní? Bó bá ń dé níbẹ̀, gígùn kọ́ ni ìṣòro, fífẹ̀ ọrùn ni, tàbí ipò àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ yọjú lókè ọrùn. Ẹ̀yìn ọrùn ló ń gbé, kó kọjú sí ìka àárín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí ìtìsẹ̀ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15, títí orí gìtá á fi bá ojú yín dọ́gba. Ọwọ́ yẹn á nà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Olókùn irin kò gba yín là. Ọrùn rẹ̀ lè jẹ́ 43 lóòótọ́, àmọ́ gígùn ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ 648, irin sì le lábẹ́ ìka. Ẹ má sì gbé okùn irin sórí classical láé, yóò fa igi tí wọ́n so okùn mọ́ tu kúrò lójú gìtá.

Akọ́tagìtá
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dán an wò. Lórí okùn kìíní ó ń dé láìsí kápò. Lórí ìkẹfà, pẹ̀lú àpótí ìtìsẹ̀, ó kù díẹ̀ kó dé; pẹ̀lú kápò kìíní, ó dé wẹ́rẹ́. Bébà mẹ́ta ló gba àlàfo òkè yẹn.

OníOkùnMẹ́fà
Bébà mẹ́ta! F ti yé wa nìyẹn. 630 tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ 50 ló tọ́ sí yín, bíi Dolce ti Cordoba. Yamaha CS40 jẹ́ 580, ọrùn rẹ̀ 48; ìka àgbàlagbà á máa kan okùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí apá bá sì ká 580 nìkan, okùn hard tension (èyí tó ń fà le) ni kí ẹ fi sí i, torí níbi ohùn kan náà, okùn á dẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún sí ti 650. Lórí 630, ìyàtọ̀ kò ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ, okùn tí ẹ ti mọ̀ lò á ṣe é.

Agbẹ́gi_Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)
Tí ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ mú rúlà àti bébà kan dání.