Nellie Spindler, nọ́ọ̀sì tó sùn sí Lijssenthoek

Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún ni mo sì ti pẹ́ jù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, la jọ lọ sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Lijssenthoek, lẹ́bàá Poperinge ní Bẹ́ljíọ̀mù. Sàréè ibẹ̀ lé ní 10,000. Nellie Spindler nìkan ni obìnrin láàárín wọn, ohun tí gbogbo ènìyàn sì máa ń sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ.

Ọmọ Wakefield ní England ni, ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀, Leeds ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1917, Brandhoek ló wà, láàárín Poperinge àti Ypres, ní ilé ìwòsàn ológun tí wọ́n ń pè ní 44 Casualty Clearing Station. Àwọn sójà tí ọta bà níkùn, láyà tàbí nítan ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ìfun tó lu rí mọ̀ ọ́n: ìgbẹ́ á máa tú sínú ikùn, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń dín ẹ̀mí kù. Kò tíì sí penisílíìnì nígbà yẹn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fara da ìrìn àjò jíjìn, ni wọ́n bá gbé ilé ìwòsàn sún mọ́ ojú ogun, àwọn nọ́ọ̀sì sì bá a lọ. Ojú irin àti ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àgbá àwọn ará Jámánì ń wá.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, Spindler ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó ń sùn. Àfọ́kù ọta àgbá bá a lórí ibùsùn. Kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi kú, ẹni ọdún 26.

Mo mọ oorun ẹni tó ṣiṣẹ́ òru dáadáa. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi.

Wọ́n sin ín bí wọ́n ṣe ń sin ológun, àwọn ọ̀gágun sì wá síbi ìsìnkú náà. Lọ́jọ́ tó kú gan-an ni wọ́n kó àwọn nọ́ọ̀sì yòókù kúrò ní Brandhoek. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́ ìyẹn, ó yíjú sí mi: “Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn wọn ńkọ́?”