Ọjọ́ ìkẹyìn ní Osaka, Japan, fún ẹni tó ń dá rìn: ẹ má kúrò ní gúúsù ìlú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè yìí ò yé wáyé: bàálù ò ní gbéra títí di nǹkan bí aago 11 alẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì sì ti ní kí èèyàn kó jáde láago 10 tàbí 11 àárọ̀. Kí lẹni tó dá wá á fi odindi ọjọ́ náà ṣe?

Ohun tó ń ba ọjọ́ yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n fẹ́ ká gbogbo ìlú tán. Wọ́n á lọ sí Osaka Castle láàárọ̀, wọ́n á gba Umeda ní àríwá ìlú lọ́sàn-án, wọ́n á tún sáré padà wá jẹun ní Dotonbori, àdúgbò oúnjẹ ní gúúsù, nírọ̀lẹ́. Inú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni ọjọ́ náà á parí sí. Ọkọ̀ ojú irin Nankai tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú Kansai, Namba ló ti ń gbéra, Namba sì wà ní gúúsù, ní apá tí wọ́n ń pè ní Minami. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi gbogbo ọjọ́ náà sí. Ní ti Osaka Castle, ilé gíga tó wà níbẹ̀ báyìí, kọnkéré ni, ọdún 1931 ni wọ́n kọ́ ọ parí, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà nínú rẹ̀. Ó dáa láti wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ sá eré lọ́jọ́ tó ń lọ sílé.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹrù. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì á bá yín tọ́jú báàgì lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bí hòtẹ́ẹ̀lì yín bá wà nítòsí Namba, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bó bá jìnnà, ẹ gbé ẹrù wá sí lọ́kà tó wà ní ibùdókọ̀ Namba láàárọ̀ kùtù. Kékeré máa ń tó bíi 400 yẹ́nì, ńlá tó lè gba àpótí gidi máa ń tó 700 sí 800. Àwọn ńlá yìí ò pọ̀, wọ́n sì máa ń tètè kún, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá dé láago 10 lè má rí ẹyọ kan. Bí ẹ bá fi káàdì ọkọ̀ sanwó lọ́kà, káàdì yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ gba rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà lọ́kà àti àmì ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ ọn jù, torí pé abẹ́ ilẹ̀ Namba gbòòrò, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ sì ń fi hàn.

Sumiyoshi Taisha ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ojúbọ Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, ni, ọ̀fẹ́ ni, aago 6 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án, aago 6:30 láwọn oṣù yòókù. Láti Namba, ẹ wọ ọkọ̀ Nankai Main Line tó ń dúró ní gbogbo ibùdó. Ìrìn bíi ìṣẹ́jú 10 ni. Ẹ má wọ èyí tó ń sáré lọ sí pápákọ̀, yóò kọjá níwájú yín ni. Ẹ má sì wọ Koya Line, tó ń gbéra láti Namba kan náà, àfi bí ẹ bá fẹ́ rìn díẹ̀ sí i láti ibùdó Sumiyoshi-Higashi.

Afárá pupa kan wà níwájú ojúbọ náà, ó tẹ̀ sókè gan-an. Gígùn ún rọrùn ju sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ilé òrìṣà mẹ́rin ló wà nínú ọgbà náà, ọdún 1810 ni wọ́n tún wọn kọ́. Òrùlé wọn gún gbọnrangandan, kò tẹ̀ létí bíi tàwọn tẹ́ḿpìlì tó kẹ́kọ̀ọ́ lára ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá ibi kan tí wọ́n ń pè ní Goshogozen. Òkúta wẹ́wẹ́ kún inú ọgbà rẹ̀, wọ́n sì ti kọ lẹ́tà Japan 五, 大 tàbí 力 sára díẹ̀ nínú wọn. Èèyàn á ti ọwọ́ bọ àárín igi ọgbà, á ṣa ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi pé, á ra àpò kékeré fún wọn, á sì máa gbé e rìn. Bí ohun tó tọrọ bá ṣẹ, ó gbọ́dọ̀ dá òkúta náà padà, kó sì fi òmíràn kún un. Ẹni tó ń wọ bàálù lálẹ́ yìí, kó mọ̀ pé gbèsè lòun ń gbé lọ o.

Lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ náà ni ọkọ̀ Hankai ti ń kọjá lójú títì. Òun nìkan ni irú ọkọ̀ ojú irin títì yìí tó kù ní Osaka. Ẹ ka ohun tó wà lórí rẹ̀ dáadáa: èyí tó ń lọ sí Tennoji pọ̀ ju èyí tó ń lọ sí Ebisucho lọ, Ebisucho sì lẹ ń wá. Ẹ̀yìn lẹ ó gbà wọlé, iwájú lẹ ó gbà sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ ó ti sanwó. Bẹ́ẹ bá sọ̀ ní Ebisucho, ẹ ti dé Shinsekai nìyẹn, níbi tí ilé ìṣọ́ Tsutenkaku wà. Àkọ́kọ́ rẹ̀ dìde lọ́dún 1912, èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí jẹ́ ti 1956. Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, ó tó.

Oúnjẹ ni Shinsekai wà fún. Kushikatsu ni: ẹran, edé, alùbọ́sà, gbòǹgbò lótọ́ọ̀sì, tí wọ́n gún sí igi tín-ín-rín, tí wọ́n fi èérún búrẹ́dì bò, tí wọ́n sì dín. Igi kan máa ń tó bíi 120 sí 250 yẹ́nì. Ẹ lọ láago 11 bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Bó bá di aago 12:30, ìlà á ti gùn. Ẹni tó dá wá ń jàǹfààní níbí, torí pé ìjókòó kan ṣoṣo níwájú káńtà máa ń ṣí kíákíá nígbà tí àwọn mẹ́rin mẹ́rin ṣì ń dúró níta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi 5 tàbí 6, kí ẹ má béèrè 15 lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé bó bá tutù, èérún rẹ̀ á rọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti gbé ọbẹ̀ àjọlò sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń ti igi bọ̀ ọ́, kó tó gé e jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ọbẹ̀ sí i á fi ewé kábéèjì tí wọ́n gbé sórí tábìlì bù ú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti fi ìgò títẹ̀ rọ́pò abọ́ àjọlò látìgbà Kòrónà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo tábìlì.

Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí àríwá láti ibẹ̀. Láti Shinsekai dé Dotonbori ò ju bíi kìlómítà 2 lọ, gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ fẹ́ sì wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kọjá àdúgbò ẹ̀rọ iná tí wọ́n ń pè ní Denden Town, ẹ ó kan Doguyasuji, òpópónà alórùlé kékeré tí àwọn olóúnjẹ ti ń ra irinṣẹ́: pánù, ìkòkò, oúnjẹ oníke tí wọ́n ń tò sí ojú gíláàsì, àti ọ̀bẹ. Sakai tó wà nítòsí lókìkí gan-an fún ọ̀bẹ, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan á sì bá yín fín orúkọ sí i lára. Bẹ́ẹ bá rà á, ẹ má tú u nínú páálí rẹ̀. Òfin Japan ò gbà kí èèyàn máa gbé ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ káàkiri láìnídìí.

Ọjà Kuromon ò jìnnà síbẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ rìn ín já, kí ẹ jẹ ohun kan péré, kí ẹ máa lọ. Ọjà àwọn alásè ni tẹ́lẹ̀, àwọn àlejò ló ń rà níbẹ̀ jù báyìí, owó rẹ̀ sì ti fi hàn. Kí ẹ tó na ọwọ́ sí ẹran màlúù wagyu orí iná, ẹ wò bóyá iye igi kan ni wọ́n kọ tàbí iye gíráàmù 100.

Lẹ́yìn Kuromon, ẹ yà sí Hozenji, tẹ́ḿpìlì Búdà kan. Ère òrìṣà Fudo kan wà níbẹ̀ tí ewéko wẹ́wẹ́ tó ń hù lójú òkúta tútù ti bò látòkè délẹ̀ torí omi tí àwọn olùbọ ń dà sí i lára. Ẹ bu omi, ẹ da tiyín.

Wàyí o, takoyaki. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi ẹja gbígbẹ àti ewéko òkun pò ni. Alásè á dà á sínú ihò irin gbígbóná títí á fi kún bò wọ́n lójú, á ju ègé ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kọ̀ọ̀kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, á wọ́n alùbọ́sà eléwé, atalẹ̀ pupa àti èérún díndín sí i. Bí ìsàlẹ̀ bá ti dì, á fi irin ṣóńṣó gé àárín ihò sí ihò, á dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, á sì ti èyí tó kún sẹ́tí wọ abẹ́ rẹ̀ kí ó lè ṣe rógódó. Lójú, ó jọ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Nínú, kò jọ ọ́ rárá: ó rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàn, ooru sì há síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ odindi sẹ́nu á bó lókè ẹnu. Ẹ fi igi tí wọ́n fún yín là á, ẹ jẹ́ kí èéfín jáde. Ẹyọ 8 máa ń tó bíi 600 sí 800 yẹ́nì. Ibi tí èrò ń rà lọ́wọ́ ló dáa, torí èyí tó ti jókòó sójú irin pẹ́ á le. Ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ ó ti jẹ ẹ́, kí ẹ sì dá abọ́ rẹ̀ padà fún ẹni tó tà á fún yín, torí ibi ìdalẹ̀nù ṣọ̀wọ́n nígboro.

Pátákó oníná asáré ti ilé iṣẹ́ súìtì Glico tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Ebisubashi, ìkẹfà irú ẹ̀ ni, 2014 ni wọ́n gbé e sókè. Iná rẹ̀ lẹ fẹ́ rí. Nínú oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú láago 5. Nínú oṣù kẹfà, ó di lẹ́yìn aago 7 kí oòrùn tó wọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa wo aago.

Ọkọ̀ Airport Express láti Namba, 970 yẹ́nì, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 sí 50. Rapi:t, ọkọ̀ Nankai míì, yá jù ú lọ díẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ní nọ́ńbà, ó sì fi 520 yẹ́nì lé e. Owó kékeré yìí tọ́ sí i láàárín aago 5 sí 7 ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sílé, torí ìdúró pẹ̀lú àpótí méjì nínú èrò yẹn kì í ṣe eré. Ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí 3 ṣáájú. Orí erékùṣù àtọwọ́dá ló wà, afárá kan ṣoṣo ló so ó mọ́ ilẹ̀, atẹ́gùn líle sì lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Nígbà ìjì Jebi ní oṣù kẹsàn-án 2018, ọkọ̀ òkun kan kọlu afárá náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ojú irin ò fi kọjá.

Ìdáhùn

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi kún un fún àwa Mùsùlùmí. Ẹlẹ́dẹ̀ máa ń fara pamọ́: ó wà nínú omi ramen (núdù olómi), ó wà lórí okonomiyaki (àkàrà pẹlẹbẹ oníkábéèjì), ọ̀rá ẹran ni àwọn oníkushikatsu míì sì fi ń dín, kódà bó jẹ́ alùbọ́sà lẹ rà. Nítorí náà, bíbéèrè ẹran nìkan ò tó, ẹ bèèrè epo. Takoyaki kò ní ẹran nínú, ṣùgbọ́n ẹ wò bóyá ọtí wà nínú ọbẹ̀ orí rẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú fóònù ní èdè Japan kí ẹ tó jáde, ẹ fi han alásè kí ẹ tó jókòó. Bẹ́ẹ bá ti jókòó tán, ojú á máa ti ẹ̀yin àti òun.

Ìdáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gba ọkọ̀ ojú irin JR, ilé iṣẹ́ míì, dípò Nankai, kó ṣọ́ra. Ọkọ̀ Kansai Airport Rapid máa ń pín sí méjì ní Hineno. Iwájú, láti kọ́ọ̀ṣì 1 sí 4, ló ń lọ sí pápákọ̀. 5 sí 8 ń lọ sí Wakayama. Ẹni tó bá sùn lọ ní kọ́ọ̀ṣì 6, ìlú míì ló máa jí sí.

Káàdì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ICOCA náà, 500 yẹ́nì ìdógò wà lórí rẹ̀, ẹ sì lè gbà á padà ní ọ́fíìsì JR ní ibùdókọ̀ pápákọ̀. Wọ́n á yọ 220 nínú owó tó ṣẹ́kù lórí káàdì. Bí 1,000 bá kù, 1,280 lẹ ó gbà. Bí kò bá kù ju 220 lọ, 500 lẹ ó gbà, nítorí náà ẹ fi èyí tó kù ra omi tàbí onigiri (ìrẹsì dídì) kí ẹ tó dá a padà. Suica, káàdì ọkọ̀ ti Tokyo, ò ṣeé dá padà níbẹ̀ o.

Ìdáhùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gba Denden Town kọjá, ẹ fi ojú sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó. Iná Japan, 100 fóòtì ni. Ìkòkò ìrẹsì tàbí pánù takoyaki oníná tí wọ́n kọ 100V nìkan sí, bẹ́ẹ bá fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì l'Ékòó tàbí ní London, á jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún òkè òkun, tí wọ́n kọ 220 sí 240 sí. Bí kò bá sí, pánù takoyaki onírin tí wọ́n ń gbé sórí gáàsì ni kí ẹ rà ní Doguyasuji. Kò bá iná mànàmáná ṣe.

Kí ẹ sì kó ọ̀bẹ, miso (ẹ̀wà sóyà àlọ̀) àti ọbẹ̀ sóyà sínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Ohun olómi ni wọ́n ka miso sí níbi àyẹ̀wò, bó bá ti ju 100 mìlílítà lọ, ibẹ̀ ni yóò kù sí. Ẹ tò ó sínú àpótí kí ẹ tó gbé e wọ lọ́kà láàárọ̀, tàbí kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un, torí kò rọrùn láti tú ẹrù nílẹ̀ ní Namba láago 7 alẹ́.