Àpò ìpọnmọ wo ló dáa fún òkè?

Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ gun òkè tí ìṣàn omi Arinta ti ń já bọ́ ní Ìpólé-Ìlórò. Ọmọ mi pé oṣù 10, kílò 9. Nígbà tá a lọ sí òkè Olósùnta ní Ìkéré, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀já tú mọ́ mi nídìí! Irú àpò ìpọnmọ onírin wo ni kí n rà?

Bàbá Ìbejì, Adó: Ìyàwó wa, bẹ́líìtì ìbàdí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ìbàdí ló yẹ kó gbẹ́rù, kì í ṣe èjìká. Kí ìjókòó rẹ̀ gba itan ọmọ dé orúnkún. Tèmi tín-ín-rín, ẹsẹ̀ ọmọ kàn ń mì dirodiro.

Ìyá Àgbà: Kó o tó sanwó, ọmọ mi, ki iṣu tó wúwo tó ọmọ sínú ẹ̀, kó o fi gun àtẹ̀gùn.

Ẹ ṣé, mà. Iṣu wà nílé.