Westray sí Papa Westray: ìṣẹ́jú mélòó ni bàálù ń lò?

Ìyá Ìbejì, Aberdeen: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi fẹ́ wọ bàálù láti Westray lọ sí Papa Westray, ní àwọn erékùṣù Orkney ní Scotland. Ṣé ó tó wákàtí kan?

Bàbá Ṣeun: Wákàtí kẹ̀, Ìyá Ìbejì! Kìlómítà 2.7 péré ni, kì í pé ìṣẹ́jú 2. Mo wọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Bàálù Islander kékeré ni, èrò 8 ló ń gbà. Ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an ni mo jókòó sí, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo rí yà lórí òkun, táyà ti kan ilẹ̀. Inú mi dùn bí ọmọdé!

Àdùkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, tí atẹ́gùn bá ń tì í lẹ́yìn, ó ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 53 ni èyí tó tíì yá jù. Láti Kirkwall, olú-ìlú Orkney, ni kí àwọn ọmọ ti wọ̀ ọ́.