Báwo la ṣe lè dín ìdúró kù fún ẹni tó ń fi orí tẹ Yorùbá?

Okun o, ẹ̀yin ará. Ní Kabba níbí, ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ ń fi orí darí kọ̀ǹpútà Windows 10. eViacam, ètò kọ̀ǹpútà kan, ń tẹ̀lé orí rẹ̀ nínú kámẹ́rà láti fi darí atọ́ka. Kíbọọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà (Windows+Ctrl+O) sì wà lórí "Hover over keys", ìṣẹ́jú-àáyá 1: tí atọ́ka bá dúró lórí bọ́tìnnì tó bẹ́ẹ̀, lẹ́tà á wọlé. Ìyẹn la pè ní ìdúró kan. Tó bá dín, lẹ́tà tí kò fẹ́ á wọlé. Tó bá pọ̀, ọrùn á ro ó. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń mú atọ́ka ṣáko. A yí tábìlì padà, ìyẹn tán.

Àmì ohùn ló kù. AltGr (Alt ọwọ́ ọ̀tún), o, AltGr, àmì: ìdúró 4 fún ọ̀ kan ṣoṣo. "Ọ̀rọ̀" wá di 9 dípò 3!

A gbìyànjú Microsoft Keyboard Layout Creator, tí a fi ń ṣètò bọ́tìnnì fúnra ẹni, àmọ́ dead key rẹ̀ (bọ́tìnnì tó ń dúró de lẹ́tà tó tẹ̀lé e) kì í mú ju kóòdù kan jáde, bẹ́ẹ̀ Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù, kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ọ̀. Ligature, ètò mìíràn nínú rẹ̀, lè kó kóòdù ọ àti ti àmì ohùn sórí bọ́tìnnì kan, a fẹ́ fi ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ rọ́pò nọ́ńbà. Ta ló ti ṣe é, ní Ìsánlú, Mopa tàbí Ẹ̀gbẹ̀? Àbí Keyman, ètò kíbọọ̀dù mìíràn, dára jù? Ṣé ó ń gba ìdúró orí bọ́tìnnì yìí?